Ardis Kọ Ìpínlẹ̀ Bàbá Rẹ̀

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Ardis Kvamme nígbà tí ìfẹ́ ká a mọ́, bàbá rẹ̀ sì ṣì wà láyé láti sọ pé òun kò gbà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní ìwọ̀-oòrùn Minnesota tí wọ́n ń gbé, níbi tí oko àgbàdo ti gba ẹ̀yìnkùlé wọn, ọ̀rọ̀ Palmer Kvamme kì í bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n má gbé e. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Palmer fi díye lé ilé àti ilẹ̀ àwọn ènìyàn fún owó orí ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Bí ó bá wo òrùlé rẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti mọ iye tí o máa san. Ó ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún báyìí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ojú lọ. Ardis nìkan lọmọ rẹ̀. Ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé ni Ardis wà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí ó tó fẹ̀yìn tì. Kò lọ́kọ rí. Òun ló tọ́jú ìyá rẹ̀ títí ìyá fi kú, òun ló sì ń se oúnjẹ bàbá.

Àǹtí Verna, àbúrò Palmer, ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ Verna kú, ó fi ilé orí táyà kan sílẹ̀ fún un, ọkọ̀ ńlá tí ibùsùn, ààrò àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ojú Verna kò sì gbà á mọ́ láti wakọ̀.

"Ardis, ìwọ tó o ti kó ọgọ́ta ọmọ aláriwo nínú yìnyín, ṣé ìyá arúgbó kan ló máa wá ṣòro? Gbé mi lọ síbi tí oòrùn wà, jọ̀ọ́."

Palmer kùn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n ní àwọn máa lò. Oṣù kìíní ọdún ni wọ́n lọ sí aṣálẹ̀ Arizona, níbi tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì máa ń kó ilé orí táyà wọn jọ sí bí agbo àgùntàn nígbà òtútù. Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n débẹ̀, ẹ̀fúùfù kan jà lọ́sàn-án gangan. Ó fa àtíbàbà aládùúgbò wọn tu, ọ̀pá rẹ̀ fẹ́ la ojú fèrèsé Verna. Ardis sáré bọ́ọ́lẹ̀, ó rọ̀ mọ́ ọ̀pá kan. Aládùúgbò náà, ọkùnrin gíga kan tí irun rẹ̀ ti funfun, rọ̀ mọ́ èkejì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fi í sílẹ̀, àtíbàbà á fò lọ, nítorí náà wọ́n dúró síbẹ̀.

"Ibo lẹ ti wá?" Ardis béèrè. Kí tún ni ènìyàn fẹ́ ṣe nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bá dí?

"Ṣé ti orí ìwé lẹ ń béèrè ni, àbí ti inú egungun?"

"Ṣé wọ́n yàtọ̀ ni?"

"Egungun mi, ọmọ Kentucky ni. Lórí ìwé, ọmọ South Dakota ni mí. Òru mẹ́rin péré ni mo tíì sùn níbẹ̀ láyé mi."

Ẹ̀rín pa Ardis débi pé ọ̀pá fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ di nǹkan yẹn mú o, ìyáàfin! Ẹ̀rín yín lè pa wá lónìí!"

Royce Tackett lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Òṣìṣẹ́ iná mànàmáná ni tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gun òpó. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ilé tóbi jù fún un, ó tà á, ó ra èyí tó ní táyà. Ó ṣàlàyé fún Ardis pé bí ènìyàn kò bá tilẹ̀ nílé, ìjọba kò ní gbà kó má ní ìpínlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Òun mú South Dakota torí pé wọn kì í gba owó orí lórí owó ìfẹ̀yìntì, àti pé ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ tó ń gba lẹ́tà òun, tó ń fi ránṣẹ́ tẹ̀ lé òun káàkiri.

Nígbà tí Ardis padà wọlé, Verna jókòó ti fèrèsé, ó ń mu kọfí.

"Àǹtí, ẹ ò lè wá ràn wá lọ́wọ́ ni?"

"Ràn yín lọ́wọ́ kẹ̀? Ẹ̀fúùfù ti dáwọ́ dúró tipẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì tó fi ọ̀pá sílẹ̀. Mo ń wò yín."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Royce gbé kọfí wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Ardis ló gbé tirẹ̀ lọ. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ọ̀rọ̀ wọn ti kúrò ní "ẹ", ó ti di "ìwọ". Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Royce dúró ti ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, ó ń ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ mọ́," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ ọ́ kẹ́yìn."

"Èmi ò tilẹ̀ sọ ọ́ rí," Ardis dáhùn. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́."

Gbogbo oṣù kejì àti ìkẹta, tẹlifóònù ni wọ́n fi ń rí ara wọn. Yìnyín wà nílẹ̀ ní Minnesota, Royce wà nínú oòrùn, ó ń ka orúkọ àwọn ìlú tó ń kọjá fún un. Ardis á gbé tẹlifóònù sétí, á máa fọ abọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ní oṣù kẹrin, Royce ní kí àwọn fẹ́ ara àwọn. Ardis ní òun máa sọ fún bàbá òun.

Ìdí oúnjẹ àárọ̀ ló ti sọ ọ́. Palmer tẹ́tí títí ó fi dé òpin.

"Níbo ló ń gbé?"

"Nínú ọkọ̀ rẹ̀ ni, Bàbá."

"Mo ní níbo ló ń gbé."

"South Dakota ni lẹ́tà rẹ̀ ń lọ."

Palmer gbé ife kalẹ̀. "Háà! Ọ̀kan nínú wọn ni. Mo mọ̀ wọ́n. Ọ̀nà tí mo sanwó rẹ̀ ni wọ́n ń gùn, ilé ìwòsàn tí mo sanwó rẹ̀ ni wọ́n ń sá wọ̀. Bí ọjọ́ sísan bá dé, wọ́n á ní inú àpótí lẹ́tà làwọn ń gbé. Gbọ́, Ardis. Ẹni tó bá ń sá fún owó orí, yóò sá fún ìyàwó."

"Bàbá, mi ò wá tọrọ àyè. Mo wá sọ fún yín ni."

"Ó dáa. Èmi náà ń sọ fún ọ. Kò ní ṣẹlẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, Palmer kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Inú ilé kan náà ni wọ́n wà, tábìlì kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, ṣùgbọ́n Verna ló di alárinà. Ojoojúmọ́ ló ń fẹsẹ̀ rìn wá láti òpópónà kejì.

"Verna, sọ fún ọmọ yìí pé pòtétò rẹ̀ kò níyọ̀."

"Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún wọn pé iwájú wọn ni iyọ̀ wà."

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin méjèèjì," Verna ní, "ẹ ti sọ mí di wáyà tẹlifóònù. Ẹ má jẹ́ kí n já!"

Verna kan náà ló pe Royce wá ní oṣù kẹfà, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó ṣe é. Ó ní ọkùnrin tí wọ́n bá ń bú, kó wá kí wọ́n bú u lójú. Royce wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀, ó gbé páì eléso kan lọ́wọ́, ó sì dúró ní ìloro. Palmer kò ní kó jókòó.

"O lé ní ọgọ́ta ọdún, o ò ní àdírẹ́sì. Bí o bá kú lọ́la, ibo ni wọ́n máa gbé òkú rẹ lọ?"

"Ẹ̀gbẹ́ ìyàwó mi ni mo ti sanwó sàréè mi sí, sà, ní Kentucky. Ìgbà tí mo wà láàyè ni mo ń wá ibi tí mo máa lọ."

Verna rẹ́rìn-ín. Palmer kò bá a rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o mọ ohun tí owó orí ń ṣe? Òru tí ìyàwó mi ń rọbí ọmọ yìí, yìnyín ga tó fèrèsé. Ọkọ̀ ìjọba ló la ọ̀nà fún wa. Ta ló sanwó rẹ̀? Àwọn tí kò sá ni!"

"Mo gbà, sà. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi gun òpó, nínú yìnyín irú yẹn. Iná ilé ìwòsàn tí kò gbọdọ̀ kú, èmi ni mo ń dá a padà. Kí n tó délé, wọ́n á ti yọ owó orí lára owó mi. Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ọjọ́ tó kù láyé mi, mo fẹ́ fi wo ibi tí mo ń fi wáyà so pọ̀ látọjọ́ yìí ni. Ohun tí òfin bá gbà mí láyè láti fi pamọ́, epo ni mo fi ń rà."

"Òfin gbà ọ́ láyè. Èmi ò gbà ọ́ láyè. Gbé ọkọ̀ rẹ kúrò lójú mi."

Royce gbé páì sórí àga, ó kí i, ó sì lọ. Ardis dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú tì í bí ọmọdé. Ohun tó dùn ún jù ni pé kò sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ẹnu ni kò là.

Verna bá a nínú gáréèjì lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, níbi tó ti ń to ohun tí kò nílò títò.

"Báyìí lo ṣe dúró nígbà ti Lowell náà," Verna ní.

Ó ti tó ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ Lowell nínú ilé náà. Tíṣà ni Lowell, ó fẹ́ mú Ardis lọ sí Oregon. Palmer ní ó jìnnà jù. Ardis dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí kan náà, ó wo ọkọ̀ Lowell títí ó fi pòórá.

"Àǹtí, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀. Mo fi ọ́ sílẹ̀ nígbà yẹn, ó sì dùn mí títí dòní. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn rò pé ohun tó bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kò lè rìn mọ́ ni."

Síbẹ̀, iyèméjì kò jẹ́ kí Ardis sinmi. Ọkùnrin yìí, ṣé òun ló fẹ́ ni, àbí ó ń wá ẹni tí yóò máa bá a wakọ̀ ńlá? Ẹni tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ yan ìlú tí kò gbé, ṣé kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ yan òmíràn lọ́la, kí ó sì fi ìyàwó sílẹ̀ sí ìlú àtijọ́? Ó gbé ìbéèrè náà lọ bá a ní ọgbà ìgbọ́kọ̀sí lẹ́bàá adágún tí Royce ń gbé. Kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Bó ṣe wà lọ́kàn rẹ̀ ló ṣe bi í.

Royce kò bínú. Ó fa ìwé kan jáde láti abẹ́ àwo kọfí.

"Mo ti ń kọ èyí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìwọ ni kí o yàn."

Àwọn ìpínlẹ̀ ló kọ sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá rẹ̀. Texas, kò sí owó orí lórí owó ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí Àǹtí Verna. Florida, ètò ìtọ́jú ìlera ibẹ̀ lè bá Ardis mu títí yóò fi pé ọdún márùndínláàádọ́rin, tí ìtọ́jú ti ìjọba àpapọ̀ á bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ìbánigbófò ọkọ̀ wọn pọ̀. South Dakota, Royce ti wà níbẹ̀ ná. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ Minnesota. Kò kọ ohunkóhun sí iwájú rẹ̀.

"Kí ni Minnesota ń ṣe níbí? Gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ ni wọ́n máa fọwọ́ kàn."

"Mo mọ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀. A ò ní lè lọ jìnnà lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ibẹ̀ lo fẹ́, màá san án. Màá tilẹ̀ fún bàbá rẹ ní ìwé ẹ̀rí pé mo san án."

Ardis wo ìwé náà títí. Ọkùnrin tí wọ́n ní ó ń sá, òun ló dúró níwájú rẹ̀ yìí, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó owó rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó lé e. Omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú bí i kí omi tó bọ́. Inú bí i sí ogójì ọdún.

"Fún mi ní bírò."

Ó fa ìlà lórí Minnesota, ó fà á débi tí ìwé fi ya.

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mo fi jẹ́ ọmọ ibẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́. Ìwọ lo kọ́kọ́ bi mí. South Dakota ni mo mú."

"Torí owó orí?"

"Owó orí náà dáa. Ṣùgbọ́n wákàtí kan péré ni láti ilé bàbá mi. Bí mo bá sá lọ sí Texas, wọ́n á ní mo sá. Mi ò sá. Mo fẹ́ wà níbi tí wọ́n ti lè rí mi dáadáa pé mo kọ̀."

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Lọ́dún tí ìyá Ardis kú, Palmer ti yí ìwé ilé sí orúkọ ọmọ rẹ̀. Agbẹjọ́rò sọ fún Ardis pé bí ilé tó ń gbé bá ṣì jẹ́ tirẹ̀ ní Minnesota, ìpínlẹ̀ náà lè ní kò tíì kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Ní oṣù kẹjọ, ó gbé ìwé tó ti fọwọ́ sí lọ bá bàbá rẹ̀ ní ìdí tábìlì. Verna wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ardis kò bá Verna sọ ọ́.

"Bàbá, ilé yín rèé. Mo ti dá a padà sí orúkọ yín."

Palmer gbàgbé pé òun kì í bá a sọ̀rọ̀. "Ṣé orí rẹ dà rú ni? Ogún rẹ nìyí!"

"Mo rò pé ogún ni nígbà tí ẹ fún mi. Okùn ni."

"Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko, Ardis! Àwọn baba wa ló kọ́ ọ!"

"Ẹni tó bá ròde ló ń bọ̀, Bàbá. Èmi ò tíì lọ síbì kankan rí."

"O ó padà kí yìnyín tó bọ́."

"Ẹ máa ka ọjọ́." Ó yíjú sí Verna. "Mo ti bá ilé ìjọsìn sọ̀rọ̀, wọ́n á máa gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún wọn. Ọmọ aládùúgbò yóò máa ro koríko. Bí wọ́n bá pè mí, màá gbé tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n mi ò ní padà wá gbé."

Ó gbé àpótí méjì, ó jáde.

Òun àti Royce kọjá ààlà. Ardis sùn mọ́jú nínú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí kan ní South Dakota, ó gba ìwé ẹ̀rí òru kan náà tí òfin ibẹ̀ ń béèrè, ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ìwakọ̀. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn tábìlì bi í: "Ṣé ibí lẹ fẹ́ máa pè nílé, Mà?"

"Ibí ni," Ardis dáhùn sókè débi pé àwọn tó wà lórí ìlà yíjú wò ó.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e ni wọ́n lọ sí kọ́ọ̀tù láti ṣègbéyàwó. Verna wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn. Wọ́n ń dúró de adájọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Palmer ló wọlé pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀, aládùúgbò tó wà á wá tẹ̀ lé e. Kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ló wọ̀.

"Mi ò wá súre," ó ní. "Ìwé yín dà?"

"Ìwé wo?"

"Ìwé tí ẹ fi ní ibí lẹ ń gbé. Gbé e wá."

Ardis fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n Royce na àpòòwé sí i. Palmer jókòó, ó wọ awò ojú, ó ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Iṣẹ́ játijàti rèé," ó sọ nígbà tó yá. "Orúkọ rẹ ṣì wà nínú ìwé ìdìbò wa. Dókítà rẹ ńkọ́? Báǹkì ńkọ́? Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, màá fà ọ́ padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ènìyàn bá máa lọ, kó lọ dáadáa! Kì í ṣe ẹsẹ̀ kan níta, ẹsẹ̀ kan nílé."

"Ẹ ṣé, sà," Royce ní.

"Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀."

Adájọ́ wọlé. Ó bi wọ́n, wọ́n dáhùn, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Omi bo ojú Royce, kò rí ojú ìwé mọ́ nígbà tó fẹ́ fọwọ́ sí i, Ardis ló fi ìka hàn án. Verna fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Àyè kan ṣì ṣófo lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Palmer wo àyè náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kì í lè fi àyè òfìfo sílẹ̀ lórí ìwé ìjọba. Ó fa bírò yọ nínú àpò àyà rẹ̀.

"Kì í ṣe pé mo gbà o. Ohun tí mo fọwọ́ sí ni pé mo rí i."

Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó fa ìwé ilé yọ, ó nà án sí Ardis.

"Mú un padà. Kò sẹ́ni tí mo tún fẹ́ fún."

Ardis wo ọwọ́ arúgbó náà, ọkàn rẹ̀ sì yọ́, ṣùgbọ́n ó kó ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn.

"Bí mo bá gbà á, ọ̀dọ̀ yín ni mo ṣì ń gbé nìyẹn. Ẹ̀yin náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ nínú kọ́ọ̀tù pé kí n má fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Mo ti gbọ́, Bàbá. A máa wà ní Arizona ní oṣù kejìlá. Ibùsùn wà fún àlejò. Bí ẹ bá fẹ́ rí wa, ẹ wá."

Palmer fi ìwé náà sápò, ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Olóríkunkun ni ọ́, Ardis Kvamme."

"Ilé yín ni mo ti kọ́ ọ," Ardis ní, ó sì fi ẹnu ko ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Òun nìkan ni ogún tí mo kó jáde."

Ó gun àga awakọ̀, Royce jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Ardis sì ṣáná sí ọkọ̀.